Ọ̀WỌ́N ÀTI Ọ̀PỌ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Òwú Zaria Kọ́ Wa



Kí ló ń mú kí owó ọjà gòkè tàbí kó wálẹ̀? Èdè wa ti dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Tí a bá ní ọjà kan wọ́n, ó lè jẹ́ pé a ò rí i rà, ó sì lè jẹ́ pé owó rẹ̀ ga. Tí a bá sì rà á lọ́pọ̀, owó pọ́ọ́kú la fi rà á, torí pé ó pọ̀ níta. Ẹ ò rí i pé iye ọjà àti owó ọjà jọ ń rìn ni!

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ Zaria níbí. Rélùwéè dé Kano ní 1911. Òwú ni àwọn òyìnbó ń retí, torí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ní Lancashire ń wá a. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ British Cotton Growing Association ń pín irúgbìn fún àgbẹ̀, ó sì ń ra òwú. Àmọ́ àwọn àgbẹ̀ Hausa ní ìṣirò tiwọn. Àwọn ahunṣọ ilé ń fi owó tó ju ti òyìnbó lọ ra òwú. Ẹ̀pà náà ń pa owó, tí ọjà ò bá sì dáa, èèyàn lè jẹ ẹ́. Bó ṣe di pé ẹ̀pà ló kún inú rélùwéè nìyẹn. Ẹni tó bá ní àgbẹ̀ ò mọ ìṣirò, kó wá ka ìtàn yìí.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń rà tún pọ̀ sí i nílé. Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe aṣọ ní 1957. Ṣùgbọ́n ní 2007, ilé iṣẹ́ ńlá UNTL ní Kaduna ti ilẹ̀kùn. Tí ẹni tó ń rà bá lọ, ta ni àgbẹ̀ máa tà fún?

Òwú tún ní orogún, ìyẹn rayon. Igi ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á fi kẹ́míkà se igi títí á fi di ohun funfun tí wọ́n ń pè ní pulp. Wọ́n á sọ ọ́ di omi, wọ́n á tì í gba inú ihò tín-ín-rín, á sì jáde bí okùn. Tí òwú bá wọ́n, àwọn aláṣọ á sáré lọ bá rayon, pulp náà á sì wọ́n. Àgbẹ̀ lè gbin òwú sí i lọ́dún tó ń bọ̀, àmọ́ igi kì í dàgbà lọ́dún kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀wọ́n igi fi lè pẹ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé irun kéékèèké tó ń kù lára kóró òwú náà ṣe é fi ṣe irú pulp yẹn. Orogún òwú lè ti ara òwú jáde!

Ìbéèrè mi rèé: tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ lóko ní Samaru, ṣé òwú lẹ máa gbìn ni àbí ẹ̀pà? Ẹ mú ìdáhùn yín wá sípàdé, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tó máa rà á.