Àpótí Ìmọ̀: Gáàsì Ìdáná Tó Ń Ti Òkèèrè Wá

Nàìjíríà ló ní gáàsì inú ilẹ̀ jù ní Áfíríkà. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ nínú gáàsì ìdáná tí a ń lò káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, títí dé Òṣogbo, ló ń ti òkè òkun wọlé, láti Amẹ́ríkà pàápàá. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á nígbà náà. Nígbà tí gáàsì wọ́n lágbàáyé ní 2021, tí náírà sì ń já wálẹ̀, owó gáàsì inú sílíńdà kílò 12.5 fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ìdílé padà sídìí èédú. Ní oṣù kìíní 2022, NLNG, ilé-iṣẹ́ gáàsì tó wà ní Bonny, kéde pé gbogbo gáàsì ìdáná òun yóò di ti ọjà ilé. Ìpinnu tó dára ni, ó kàn pẹ́ ni. Gáàsì NLNG nìkan kò sì tó ohun tí a ń lò.