Sí Ẹ̀yin Ọmọ Akínmọ̀rìn Tí Ẹ Fẹ́ Kọ Orin fún Fíìmù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ta gìtá rọ́ọ̀kì, ẹ wo ẹni tó ti rin ọ̀nà orin fíìmù yìí. Rẹ́mí Kàbàkà lu ìlù nínú ẹgbẹ́ Ginger Baker's Air Force lọ́dún 1970. Ní 1973, ó bá Paul McCartney lu ìlù nínú àwo Band on the Run. Lẹ́yìn náà ló kọ orin fún Black Goddess, fíìmù tí Ọlá Balógun ṣe ní Brazil lọ́dún 1978, níbi tí ọmọ Yorùbá kan ti ń wá ìran àwọn ẹbí rẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú.

Lórí ìtàgé, olórin ni ọ̀gá. Nínú fíìmù, ìtàn ni ọ̀gá. Ẹ wo àwòrán tán kí ẹ tó fọwọ́ kan gìtá. Bí òṣèré bá ń sọ̀rọ̀, kí orin rọlẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ orin fún géèmù orí kọ̀ǹpútà, ìyẹn yàtọ̀: ẹni tó ń gbá a lè pẹ́ lójú kan, nítorí náà kí orin lè máa yípo láìsí pé etí mọ ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Ẹ gba ohùn èlò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ka ìwé àdéhùn dáadáa kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́: ẹ yọ̀ǹda kí wọ́n lo orin yín, ẹ má ta orin náà pátá.

Iṣẹ́ yín á yọrí o.