Ìjàpá Ńlá Erékùṣù Galápagos

Nínú Òkun Pàsífíìkì, ní nǹkan bí 1,000 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ecuador, ni àwọn erékùṣù Galápagos wà. Òkè ayọnáyèéfín ni ó ti ìsàlẹ̀ òkun yọ wọ́n jáde. Òkúta dúdú pọ̀ níbẹ̀, omi mímu kò sì wọ́pọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹranko tí a kò lè rí níbòmíràn láyé ń gbé ibẹ̀.

Alángbá kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń wẹ̀ nínú òkun láti jẹ ewéko abẹ́ omi. Bí ó bá yó, yóò gun orí àpáta lọ yá oòrùn, yóò sì máa sín iyọ̀ jáde nímú títí orí rẹ̀ yóò fi funfun. Ẹyẹ kan náà wà tí kò lè fò rárá. Inú omi ni ó ti ń lé ẹja.

Ṣùgbọ́n ìjàpá ni ọ̀gá wọn. Ẹ má rò pé bí ìjàpá inú àlọ́ wa ni o! Akọ rẹ̀ lè wúwo ju 200 kìlógíráàmù lọ, ó sì lè lò ju 100 ọdún láyé. Ó lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹ, láìmu. Èyí gan-an ni ó kó bá a. Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ máa ń kó wọn láàyè sínú ọkọ̀, wọn a sì máa pa wọ́n jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú òkun. Ewúrẹ́ tí àwọn ènìyàn kó wá sí erékùṣù tún ń jẹ ewéko mọ́ wọn lẹ́nu.

Ní ọdún 1971, wọ́n rí akọ kan ṣoṣo ní erékùṣù Pinta. Wọ́n wá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí, wọn kò rí. Wọ́n sọ ọ́ ní Lonesome George, ìyẹn ni George tí ó dá nìkan wà. Wọ́n mú abo láti erékùṣù mìíràn wá bá a. Wọ́n yé ẹyin, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò di ọmọ. George kú ní oṣù kẹfà ọdún 2012. Bẹ́ẹ̀ ni ìran ìjàpá Pinta ṣe parí.

Lónìí, afinimọ̀nà ni ó máa ń ṣáájú àlejò níbẹ̀. Àlejò kò gbọdọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà, kò gbọdọ̀ fún ẹranko lóúnjẹ, ó sì gbọ́dọ̀ fi mítà 2 jìnnà sí wọn. Èyí kò rọrùn, nítorí àwọn ẹranko náà kì í sá fún ènìyàn. Bí ẹyẹ bá rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ àlejò, àlejò ni yóò rọra sún sẹ́yìn.

Ìbéèrè
1. Báwo ni erékùṣù Galápagos ṣe wáyé?
2. Kí ni ó mú kí àwọn atukọ̀ fẹ́ràn láti kó ìjàpá?
3. Kí ni ìdí tí ìran ìjàpá Pinta fi parí?