Lẹ́tà Ìmọ̀ràn sí Àbúrò: Ìtọ́jú Ọkàn Onígbàgbọ́

Iye ìpàdé tí onígbàgbọ́ ń lọ kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ara ẹ̀mí rẹ̀ le. Ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, tó tún ń ṣe akọ̀wé ìjọ, tí wọn kì í wá tì nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, lè ti gbẹ nínú kí ẹnikẹ́ni má fura. Òun gan-an lè máà tètè mọ̀. Àmì tó ń kọ́kọ́ yọ kì í tóbi: àdúrà á di àsáré-gbà, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan á máa bí i nínú, ìyìn ẹlòmíì á máa dùn ún. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kò tíì dé o, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là fún un. Orí kìíní Orin Sólómọ́nì sọ̀rọ̀ obìnrin kan tí wọ́n fi ṣọ́ ọgbà àjàrà ẹlòmíì, tí kò sì ráyè tọ́jú tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọ ló yẹ kí ẹsẹ yẹn kọ́kọ́ bá wí.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà sí ilé. Odo-Owa, nítòsí Ilofa, ni wọ́n bí ajíhìnrere Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1904. Iṣẹ́ P.W.D., iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe títì, ló ń ṣe, ó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nígbà tí ìpè Ọlọ́run dé bá a ní oṣù kẹwàá ọdún 1928. Ìsọjí tó ṣe ní Òkè-Ooye ní Iléṣà, ní 1930, ni gbogbo ayé ń rántí. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ló yẹ kí ọ̀dọ́ wò dáadáa: ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà gidi kí èrò tó mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ sì kàn, kò yéé gun orí òkè lọ dá gbàdúrà. Ó kú ní 1959. Ẹni tó bá ń fẹ́ agbára Òkè-Ooye, tí kò fẹ́ ìkọ̀kọ̀ tó bí i, ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Nílé, àdúrà ìdílé ló ń jí ọmọ: ẹnì kan á ka Sáàmù sókè, àgbà á gbàdúrà, kálukú á tó gba oko tàbí iléèwé lọ. Àbúrò tó bá wá dé Ìlọrin tàbí Èkó, tó gba yàrá kan, kò rí ẹni tí yóò jí i mọ́. Fóònù ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọ́kọ́ bà. Kó gbé e jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Kó mú ìwé kan nínú Bíbélì, kó máa kà á sókè ní orí kọ̀ọ̀kan títí yóò fi parí, kó má máa fò láti ẹsẹ sí ẹsẹ. Bíbélì Yorùbá odindi, èyí tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí, ti wà láti 1884. Èdè tí èèyàn fi ń sunkún ló yẹ kó fi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kì í yẹ̀ lójoojúmọ́ sàn ju àìsùn kan lóṣù.

Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tún wà níbẹ̀. Kí onígbàgbọ́ dárúkọ ohun tó ṣe gan-an níwájú Ọlọ́run: owó tó kó jẹ, irọ́ tó pa, ẹni tó ń bá yan odì. Jákọ́bù orí karùn-ún ní kí àwọn ará máa jẹ́wọ́ fún ara wọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àgbà tí ọ̀rọ̀ ń pẹ́ nínú rẹ̀ ni kó wá, kì í ṣe ẹni tí yóò sọ ọ́ di kókó àdúrà nípàdé.

Ara àti ẹ̀mí jọ ń gbé ni. Nígbà tí Èlíjà sá wọ aginjù tó ní kí òun kú, oorun àti oúnjẹ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un, lẹ́ẹ̀mejì, kó tó bi í ní ìbéèrè kankan. Bí ìbànújẹ́ bá pẹ́ lára ẹnì kan, tí kò rí oorun sùn, tí èrò ikú ń wá sí i, kí wọ́n má ṣe sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Kí wọ́n gbàdúrà fún un, kí wọ́n sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.

Bó bá jẹ́ pé ẹrù iṣẹ́ ìjọ ló ń gbẹ àbúrò, kó lọ bá pásítọ̀ rẹ̀, kó tọrọ ìsinmi fún oṣù mélòó kan, kó máa wá jókòó láàárín ìjọ bí ọmọ ìjọ lásán. Ìjọ á rí ẹlòmíì tí yóò máa kọ ìwé ìpàdé títí yóò fi padà dé.