Olùkọ́ tí Ń Báni Wí, tí Ó sì Ń Fani Mọ́ra

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 18:1-11, I Kọ́ríńtì 4:14-21, 5:1-5, II Kọ́ríńtì 2:4-8
Ẹsẹ àkọ́sórí: I Kọ́ríńtì 11:1
Ète ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù wa lè mọ irú olùkọ́ tí ó yẹ kí a tẹ̀lé nínú ìgbàgbọ́, àti ibi tí ó yẹ kí a bá a dé.

ÌFÁÁRÀ
Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ọ̀gá wa kan dá ìwé ìpalẹ̀mọ́ ẹ̀kọ́ mi padà nígbà mẹ́ta. Inú bí mi. Mo rò pé ó kórìíra mi ni. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta, ó pè mí sí ilé rẹ̀, ó fún mi ní oúnjẹ, ó sì jókòó tì mí lẹ́bàá fìtílà títí a fi tún un kọ. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì ni a ó fi fà á mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí a wo bí Pọ́ọ̀lù ti lo ọwọ́ méjèèjì fún ìjọ Kọ́ríńtì.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́
1. Ó bá wọn gbé. Kọ́ríńtì jẹ́ olú-ìlú Akáyà, ìlú òwò tí ó ní èbúté méjì. Pọ́ọ̀lù dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 50 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Ó wọ̀ sí ilé Ákúílà àti Pírísílà, wọ́n jọ ń pa àgọ́, ó sì fi ọdún kan àti oṣù mẹ́fà kọ́ àwọn ènìyàn. Kí ó tó bá wọn wí, ó ti bá wọn gbé, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ lójú wọn. Ìdí nìyí tí ó fi lè pe ara rẹ̀ ní bàbá wọn.

2. Kò bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan nínú ìjọ gba aya bàbá rẹ̀, ìjọ sì ń gbéraga dípò kí wọ́n ṣọ̀fọ̀. Láti Éfésù ni Pọ́ọ̀lù ti kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín wọn. Ẹ kíyè sí ète rẹ̀ ní 5:5: kí a lè gba ẹ̀mí ọkùnrin náà là ni.

3. Ó sọkún, ó sì ní kí a dárí jì. Ní ìwé kejì, ó sọ pé omijé ni òun fi kọ̀wé sí wọn. Ó ní ìyà tí ìjọ fi jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ kan tó. Kí wọ́n tù ú nínú, kí ìbànújẹ́ má baà gbé e mì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Bíbélì gbà pé ọkùnrin kan náà ni. Àwọn mìíràn ní ẹlòmíràn ni. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ẹni tí ó pàṣẹ ìbáwí ni ó tún bẹ̀bẹ̀ fún àánú.

4. Ó tọ́ka sí Kristi. Nígbà tí àwọn kan ń pe ara wọn ní ti Pọ́ọ̀lù, ó kọ̀ ọ́ (1:12-13). Ó ní kí wọ́n tẹ̀lé òun níwọ̀n bí òun ti ń tẹ̀lé Kristi. Ibẹ̀ ni ààlà wà.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA
Ẹ̀yin ará, àwọn kan nínú wa a máa sá kúrò ní ìjọ ní ọjọ́ tí a bá bá wọn wí. Wọ́n a wá ẹni tí yóò máa yìn wọ́n lọ títí tí wọn yóò fi já sí kòtò. Àwọn mìíràn ń tẹ̀lé ẹni tí ń pariwo mọ́ ènìyàn, tí kò sì sọkún fún ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n ṣe bí ìpayà ni ìwà mímọ́. Ọ̀nà méjèèjì léwu. Bi ara rẹ léèrè nípa olùkọ́ rẹ: Ǹjẹ́ ó mọ ilé mi? Ǹjẹ́ ó lè sọ òtítọ́ fún mi? Bí mo bá ronú pìwà dà, ǹjẹ́ yóò gbà mí padà? Ṣé Kristi ni ó ń fà mí sí, àbí ara rẹ̀? Bí ó bá pàṣẹ ohun tí Kristi kò pàṣẹ, dúró níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín bíbáni wí àti dídójú tini? (4:14)
2. Ta ni a ti bá wí nínú ìjọ wa tí a kò tíì fà mọ́ra? Ẹ má ṣe dárúkọ. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí.
3. Ọ̀nà wo ni ìwọ fi ń bá àwọn ọmọ rẹ wí?