Àgbà Tó Wà Lọ́jà

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n orí ọmọ la máa ń tẹjú mọ́. A kì í bi ara wa pé kí ló gbé àgbà dé ọjà. Àgbà tó tìlẹ̀kùn mọ́rí, tó ń wo tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọmọ ta ni yóò rí?

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ti pé ọmọ ọdún 60, tàbí tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, òfin ní kó lọ sinmi. Ìsinmi náà á kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó bá yá, bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyàwó rẹ̀ jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Kì í ṣe iyọ̀ ló ń bínú sí. Kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ níbì kankan mọ́ ni.

Ẹ wá ibi tí wọn yóò ti máa retí yín. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì lè gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, kó jókòó síbi ìbòòrùn, kó máa kọ iye tó bá rí sínú ìwé. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ á ká apá bùbá sókè, á nawọ́: “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti wálẹ̀ ju ti ìjẹta lọ?” Bó bá ṣì wà ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọsibítù ló kàn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ojú títì, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní àwọn Special Marshal tó ń yọ̀ǹda ara wọn láìgbowó.

Àmọ́ ẹ má lọ du ipò alága. Tíṣà àgbà tí wọ́n ní kó wá kọ́ ọmọ mélòó kan ní ABD, tó wá ń pàṣẹ fún ọ̀gá iléèwé, wàhálà ló kó wá. Bí owó ọkọ̀ bá ń ni yín lára, ẹ wá ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ náà tó, kó ṣáà má yẹ̀. Lọ́jọ́ tí orúnkún bá sì ní òun kò lọ, ẹ tètè pe àwọn tó ń retí yín lórí fóònù, kí wọ́n má baà to àga sílẹ̀ dè yín.