Iṣẹ́ tí à ń jẹ́ àti iṣẹ́ tí à ń ṣe

Iṣẹ́ méjì ni Yorùbá ní, ohùn wọn ò sì yàtọ̀. Ẹni tó ro oko ṣe iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n rán láti Òkè Padre lọ sí Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn, tó sì sọ ohun tí wọ́n ní kó sọ, jẹ́ iṣẹ́, òjíṣẹ́ ni. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọn ò ní ká ṣe é. Ẹni tó bá sọ pé "mo ti ṣe iṣẹ́ tí ẹ rán mi" ti da méjèèjì pọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò dé inú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹ wo irú tí à ń rà ní Ọjà'ba. Bakitéríà tí ń jẹ́ Bacillus subtilis ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀: ó ń fọ́ purotéènì inú wóró irú sí wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ni adùn àti òórùn irú ti ń wá. Inú DNA ni ìtọ́ni gbogbo purotéènì tí bakitéríà náà fúnra rẹ̀ ń ṣe wà. RNA kan á gba ìtọ́ni náà, á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe purotéènì. Òjíṣẹ́ ni RNA yìí.

Àwọn RNA kéékèèké mìíràn wà tí a mọ̀ sí èyí tí kì í gbé ìtọ́ni purotéènì. Ẹni tó bá pè wọ́n ní "RNA tí kì í ṣiṣẹ́" ṣi ọ̀rọ̀ lò. RNA tí kì í jẹ́ iṣẹ́ ni wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe pọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni FsrA, tí John Helmann àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell, Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní ọdún 2008. Bí irin bá ṣọ̀wọ́n, bakitéríà náà á ṣe FsrA, èyí á sì rọ̀ mọ́ àwọn òjíṣẹ́ purotéènì tí ń gba irin púpọ̀, wọn ò ní lè jẹ́ iṣẹ́ wọn. Irin díẹ̀ tó wà á wá kù fún ohun tó ṣe kókó. Bí irin bá tún pọ̀, purotéènì tí ń jẹ́ Fur á dá ṣíṣe FsrA dúró. Ṣíṣún nǹkan lò nìyí, kì í ṣe ahun. Ahun ní, kò fẹ́ ná. Ẹni tó ń ṣún nǹkan lò mọ̀ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Èkejì ni SR1, tí Sabine Brantl àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jena, Jámánì, ṣèwádìí rẹ̀. Ó ń dá òjíṣẹ́ kan lọ́wọ́ kọ́, purotéènì tí ń ṣí ọ̀nà fún fífọ́ arginine á sì dínkù. Àmọ́ wọ́n tún rí i pé SR1 gbé ìtọ́ni purotéènì kékeré kan, tí amino acid 39 péré para pọ̀ di. Ó ń dá òjíṣẹ́ dúró, òun náà sì ń jẹ́ iṣẹ́. Bí a bá ti pè é ní "aláìṣiṣẹ́" tẹ́lẹ̀, báwo la ó ṣe wá sọ èyí?

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òkèèrè ti pọ̀ jù nínú sáyẹ́ǹsì fún Yorùbá láti gbé. Òkè Padre ti dá wọn lóhùn. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì ni wọ́n fi sọ òkè náà lórúkọ. Padre jẹ́ àlejò, òkè jẹ́ onílé, orúkọ náà sì ti di ti Ìbàdàn. RNA lè máa jẹ́ RNA. Ọ̀rọ̀ orúkọ ṣeé yá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe ni òye wà nínú rẹ̀, a sì ní in lọ́pọ̀ yanturu. Kí olùkọ́ máa sọ pé òjíṣẹ́ ń jẹ́ iṣẹ́, RNA kékeré ń dá a lọ́wọ́ kọ́, bakitéríà ń ṣún irin lò. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ á mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, á sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nílé.